Ẹni Tó Ń Fín Oògùn Kì Í Kẹ́kọ̀ọ́ Tán

 

Àwọn tó ti gba ìwé-ẹ̀rí láti máa fín oògùn máa ń bi wá ní Ìwó pé kí ni àwọn tún fẹ́ wá kọ́. Oògùn ń yí padà, òfin náà ń yí. Paraquat tí a fi ń pa koríko, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2024. Atrazine inú oko àgbàdo tẹ̀lé e ní 2025. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Díẹ̀ téèyàn bá gbé mì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè pa á. Ẹni tí kò padà wá kẹ́kọ̀ọ́ ṣì lè máa fín èyí tó kù sílé. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ike oògùn pọn omi mu!

Kò di dandan kí gbogbo yín wá. Kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀wé kà, kí ẹ san owó ọkọ̀ wọn, kí wọ́n máa bá yín fín oko gbowó. Lọ́dọọdún ni kí wọ́n máa padà wá.

Ẹ kọ orúkọ oògùn tó wà nílé yín sínú ìwé, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì OSSADEP ní Ìwó kí òjò tó dé.