Ìwọ̀n Oògùn Tí Ara Lè Gbà

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ọbáléndé láti lọ sí ọ̀nà Ajah yóò gbọ́ bí ọmọ ọkọ̀ ti ń ké pé, "Phase 1! Jakande! Ajah!" Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Lẹ́kkí Phase 1 ni a ń kọ́kọ́ kàn kí a tó dé Phase 2. Àwọn oníṣègùn náà ní Phase 1 tiwọn. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó fi oògùn tuntun sí ara ènìyàn, lẹ́yìn tí a ti dán an wò lára ẹranko. Ìbéèrè pàtàkì kan ni wọ́n ń wá ìdáhùn sí níbẹ̀: báwo ni oògùn yìí ti lè pọ̀ tó tí kò fi ní ṣe ènìyàn ní jàǹbá?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Èkó gidigidi. Ní Ọbáléndé kan náà tí mo dárúkọ, ní ilé ìwòsàn First Consultants, ni wọ́n gbé Patrick Sawyer dé ní oṣù Keje ọdún 2014, tòun ti àrùn Ebola tí ó gbé bọ̀ láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí ó jáde sí ìgboro. Àrùn náà mú dókítà yìí fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà nígbà náà. 8 nínú wọn kú. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára Ebola kan tí ìjọba ibikíbi ti fọwọ́ sí.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ti ṣe ní Kánádà, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á, báwo ni yóò sì ti pọ̀ tó? Kí ọdún 2014 tó parí, àwọn ènìyàn yọ̀ǹda ara wọn ní Lambaréné ní Gabon, ní Kilifi ní Kẹ́ńyà, ní Hamburg ní Jámánì àti ní Geneva ní Switzerland. Kòkòrò àrùn mìíràn, tí a ti sọ di aláìlágbára, ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà, kì í ṣe Ebola fúnra rẹ̀. Iye kòkòrò yìí ni a fi ń wọn ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn kan gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300, àwọn mìíràn gba mílíọ̀nù 3. Ní Geneva, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 10 àti mílíọ̀nù 50.

Nínú ènìyàn 51 tí wọ́n gún bẹ́ẹ̀ ní Geneva, oríkèé bẹ̀rẹ̀ sí ro àwọn 11. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 péré. Ara gba èyí ní ìrọ̀rùn ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n oríkèé ríro kò tán, agbára tí ara fi ń dènà àrùn sì dín kù. Ẹ ò rí i pé bí àpọ̀jù ti léwu ni àìtó náà léwu! Mílíọ̀nù 20 ni wọ́n gbé lọ sí Guinea ní ọdún 2015. Nínú àwọn tí wọ́n gún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ níbẹ̀, wọn kò rí ẹnì kan tí Ebola mú láti ọjọ́ kẹwàá síwájú.

Báwo ni a ti ń fi ìṣirò wá irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ọsàn ṣe àpẹẹrẹ. Agbọ̀n ńlá kan kún fún ọsàn. Ìdámẹ́rin wọn kò dùn. Ẹ di ojú, ẹ mú mẹ́ta. Ẹ lè rò pé dandan ni kí ẹ mú ọ̀kan tí kò dùn. Rárá o. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 100, ní nǹkan bí ìgbà 42, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò dùn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà ni ẹ ń mú, kò ní ju nǹkan bí ìgbà 18 lọ. Bákan náà ni oògùn tí ń ṣe ẹnì kan nínú mẹ́rin ní jàǹbá ti lè kọjá lára ènìyàn mẹ́ta àkọ́kọ́ láìsí ariwo.

Ọ̀nà tí a ti ń lò tipẹ́ fún oògùn jẹjẹrẹ nìyí. A ó fún aláìsàn mẹ́ta ní ìwọ̀n kékeré. Bí kò bá ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, mẹ́ta mìíràn yóò gba èyí tí ó ga sí i. Bí ó bá ṣe ẹnì kan, a ó fi mẹ́ta kún wọn ní ìwọ̀n kan náà. Bí kò bá ṣe ẹlòmíràn mọ́, a ó tún gòkè. Bí ó bá di ẹni méjì, a ó dúró, a ó sì padà sí ìwọ̀n tí ó wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó máa ń gba ìwọ̀n tí ó kéré jù láti ṣe wọ́n láǹfààní. Nítorí náà ni John O'Quigley, Margaret Pepe àti Lloyd Fisher fi gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 1990: kí a kọ́kọ́ sọ iye jàǹbá tí a lè fara mọ́, kí a sì máa tún ìṣirò ṣe bí àbájáde ti ń dé, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo àwọn ti ìṣáájú lè tọ́ka sí ìwọ̀n tí ó yẹ ẹni tí ó kàn.

Ẹ̀yin ará, àwọn tí oríkèé ro ní Geneva kò mọ ẹnikẹ́ni ní Guinea. Síbẹ̀ ara wọn ni a fi mọ ọ̀nà. Bí wọ́n bá wá bẹ ẹ̀yin tàbí ọmọ yín láti kópa nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sá, ẹ má sì kánjú. Ẹ béèrè pé: Ìwọ̀n wo ni tèmi? Ènìyàn mélòó ni ó ti gbà á ṣáájú mi? Kí ni ó ṣe wọ́n? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí ẹ ó fi dúró? Ṣé mo lè jáwọ́ nígbà tí mo bá fẹ́? Bí ẹnikẹ́ni bá sì dáhùn pé, "Kò séwu, ẹni mẹ́ta ti gbà á," ẹ rántí agbọ̀n ọsàn.