Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan sí Zungeru

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Minna

  Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí ó bá wù mí. Ìtàn ìrìn-àjò ọjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ. A kò múra sílẹ̀ fún un rárá, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ní ọdún 1962 ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Minna níbí. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí tésàn rélùwéè. Wọ́n ń lọ sílé. Ìlọrin ni wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. A ti bá wọn gbé ẹrù wọlé, a ti dágbére. Ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ ṣí. Bàbá mi wo ọkọ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kí a kúkú sìn wọ́n dé Zungeru?" Kí n tó lanu, wọ́n ti lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi wà nílé, iṣu wà lórí iná, wọn kò mọ̀ pé ọkọ àti ọmọ ti wọ rélùwéè lọ. Ohun tí a gbọ́ nígbà tí a padà dé lálẹ́, n kò ní sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọdé.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Zungeru, ìyá àgbà kan tí ó ń ta àkàrà kí wa ní èdè wa. Inú bàbá mi dùn. Ìyá náà bu àkàrà méjì fún mi. Mo tẹ̀ ba díẹ̀, mo ní, "Na gode." N kò dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà wò mí títí, wọ́n wá bi bàbá mi pé, "Ṣé ọmọ tiwa ni èyí ni, àbí ọmọ ọ̀rẹ́ yín?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Láti ibẹ̀ ni a ti rìn wọ inú ìlú. Bàbá mi ní ibẹ̀ ni Lugard fi ṣe olú-ìlú ìjọba Òkè Ọya láti 1902. Mo ń wá ààfin kiri, n kò rí i. Ìpìlẹ̀ ilé ni mo rí láàárín koríko, àti bíríkì tí ó ti fọ́. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ní nǹkan bí 1916 ni ìjọba kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Kaduna. Afárá irin kékeré kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ṣe sí Zungeru ní 1904: wọ́n tú u, wọ́n gbé e lọ sí Kaduna pẹ̀lú. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni wọ́n wá fi sílẹ̀?"

Bàbá mi jókòó sórí òkúta. Wọ́n ní, "Ta ni Gómìnà-Àgbà wa?" Mo ní, "Zik." Ta ni kò mọ̀ ọ́n nígbà náà? Wọ́n ní, "Ibí ni wọ́n bí i."

Òótọ́ ni. Ní 16 November 1904 ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe sí Zungeru. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá rẹ̀, àjò ni ó bá wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba tiwa. Èdè Hausa ni ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i pé ó gbọ́ Hausa ṣùgbọ́n kò gbọ́ Igbo, ó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Onitsha ní 1912, sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, kí ó lè kọ́ èdè àti àṣà ilé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ìwé ní Èkó, ó sì gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 56, ní 1960, ni ó di Gómìnà-Àgbà. Ní 1963 ó di Ààrẹ.

Mo bi bàbá mi pé, "Ṣé ọmọ Zungeru ni, àbí ọmọ Onitsha?" Wọ́n ní, "Méjèèjì ni. Bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó pàdánù ọ̀kan."

Ẹ̀yin ará, kí ọdún náà tó parí, èmi náà ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀. Kò dùn. Ìyá mi sunkún, èmi náà sunkún. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè mí ní Gàm̀bàrí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà, mo mọ oríkì wa, mo lè kí àgbà, mo sì lè ka ìwé Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níhìn-ín. Ohun tí bàbá mi ṣe fún mi, n kò ṣe é fún àwọn ọmọ tèmi. Mo ní wọn yóò gbọ́ ọ tó bá yá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń ṣàìsàn. Mo gbé fóònù fún ọmọ-ọmọ mi kí ó kí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń ki í ní oríkì, ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, "Kaka, me ta ce?" Mo gba fóònù padà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. N kò ní kí ọmọ wa má gbọ́ Hausa, Nupe tàbí Gbagyi. Ilẹ̀ tí a ń jẹ lórí rẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbọ́ èdè aládùúgbò rẹ̀, àlejò ni yóò máa jẹ́ títí. N kò sì ní kí ẹ kó ọmọ lọ sílé. Ohun tí bàbá mi rin ọ̀nà jíjìn wá fún mi, a lè ṣe é nínú ilé wa. Kí a máa sọ Yorùbá nídìí oúnjẹ. Kí ẹgbẹ́ wa sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ọ̀sán Sunday, kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, ìkíni àti oríkì. Èmi yóò kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n, ọmọ-ọmọ mi ni yóò sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé àkọ́kọ́.

Rélùwéè ni ó sọ Minna di ìlú ńlá. Ní 1976 ó di olú-ìlú ìpínlẹ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Zungeru náà ti jẹ́ olú-ìlú rí. Ìjọba lè kó ọ́fíìsì, ó lè tú afárá. Ọmọ tí a bá kọ́ ni kò sí ẹni tí ó lè tú u gbé lọ.

 Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àjò dùn fún wa, kí ilé má sì gbàgbé wa.