Omi Kànga Abúlé: Mímọ́ Lójú Nìkan Kò Tó

 

Ọ̀rọ̀ omi mímu ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí kò mọ́ lè di ọ̀tá ẹni tó mu ún.

Ẹ rántí sòbìà. Ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn tí a kà pé ó ń bá jà ní Nàìjíríà lé ní 600,000. Ẹni tó mu ún nínú omi lónìí, ó di nǹkan bí ọdún kan kí ó tó yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àgbẹ̀ á sì jókòó sílé nígbà tí oko ń pè é. Kò sí oògùn tó ń pa á. Omi sísẹ́ àti kànga tó dára ni a fi lé e lọ. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní ọdún 2013, àjọ WHO jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n onígbáméjì àti taífọ́ọ̀dù kò tíì lọ. Ìgbẹ́ ènìyàn tó wọ inú omi ló ń fà wọ́n, ojú kò sì lè rí kòkòrò wọn. Omi lè mọ́ gaara kí àrùn wà nínú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù máa ń mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Kì í pa kòkòrò wọ̀nyí tán.

Kí ni ká ṣe? Èkíní, kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà, ìyẹn bí ogójì ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Kó má sì wà lókè kànga.

Èkejì, ẹ fi kọnkéré yí ẹnu kànga ká, kí ẹ sì dé e. Korobá kan ṣoṣo ni kí gbogbo ènìyàn máa fi fà á, kó má fara kan ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe po oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apako létí omi, ẹ má sì fọ ẹ̀rọ ìfọ́nkòkó níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì oògùn kò ṣeé pọn omi, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ lu ú ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́.

Ẹ̀kẹrin ló jẹ́ ti ẹgbẹ́ gan-an. Ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ ni àwọn ìyàwó wa àti àwọn ọmọ yóò padà sódò. Rọ́bà kékeré kan tó jẹ ló lè dá a sílẹ̀. Ẹ má dúró de ìjọba. Nígbà tí ẹ bá ta irè oko, ẹ dá owó àtúnṣe pọ̀, kí ẹ yan ẹni tí yóò máa mójú tó o. Kí obìnrin wà nínú wọn, nítorí àwọn ló ń pọnmi.

Bí àgbàrá bá wọ kànga, ẹ má mu ún; ẹ pe wolé-wolé kó wá fi oògùn sí i. Omi tí ẹ kò bá dá lójú, ẹ sè é kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tó ní ìdérí. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ara líle ni ọkọ́ àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ ní. Iṣẹ́ á ṣe yín lóore o. Ó dìgbà kan ná.