Ẹ Dijú, Kí Ẹ Mọ Ìkòkò

Ṣé ẹ ti dijú mọ ìkòkò rí? Ní kíláàsì iṣẹ́ amọ̀ tí mo ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ la fi ń di ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kálukú á gba amọ̀ tó tó ọsàn kan, á fi àtàńpàkò dá ihò sí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, á sì máa fún etí rẹ̀ títí á fi di abọ́. Lọ́yà kan (àgbà lọ́yà ni o!) ní abọ́ lòun mọ, a ní bàtà ni. Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti mọ ibi tí amọ̀ ti nípọn jù àti ibi tó fẹ́ ya, láìfojúrí.

Eré kejì ni mo fẹ́ràn jù: ẹ yí amọ̀ gbọọrọ bí ejò, ẹ ká a léra, ká wo ti ta ni yóò ga jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa kánjú. Bí ìsàlẹ̀ kò bá tíì le díẹ̀, wíwó ló ń wó. Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20, máa ń ká amọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ láti fi mọ ìkòkò ńlá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn yí i po.

Lọ́yà wa ti gbé bàtà rẹ̀ relé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lòun yóò máa kó sínú rẹ̀.