Kíka Ọkọ̀ ní Ọ̀nà Àlàbá

Ẹ̀yin ará Ọjọ́, Ìbà àti Òkokomáìkò, ní ọdún 2009 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dáwọ́ lé fífẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, kí ipa ọkọ̀ 4 lè di 10, kí ojú irin sì gba àárín kọjá. Kí àǹfààní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó hàn, dandan ni kí wọ́n ka ọkọ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò sì fi ọjọ́ Àìkú, tí ọjà Àlàbá máa ń tì, wé ọjọ́ Ajé?

Títì nìkan kọ́ ni kíkà. Bí ọkọ̀ bá dín níbẹ̀, ó lè ti yà gba àdúgbò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń rìn. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá rí ní oríta pẹ̀lú ìwé àti kálámù, agbowó-orí kọ́. Ọkọ̀ ni ó ń kà.