Bọ́ọ̀lù Tó Ń Ta: Ohun Tí A Kọ́ Nídìí Àwòrán Kọ̀ǹpútà
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé)





Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa béèrè pé kí ni katúùnù fẹ́ ṣe fún ọmọ òrukàn. Ìbéèrè gidi ni. A kò fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn, nítorí náà a jókòó ti àwọn ọmọ, a bá wọn kọ́ ọ láti alífù. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọwọ́ wa ń gbọ̀n lórí máòsì, àwa ni wọ́n ń rín.

Ohun àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ni pé kò sí àwòrán tó ń rìn. Àwòrán púpọ̀ ló ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, tí ojú wa ń so pọ̀. Fíìmù sinimá a máa lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwa lo 12, ó tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ti di àwòrán 120.

Pencil2D ni a lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Bí ẹ bá ń ya àwòrán tuntun, ó lè jẹ́ kí èyí tí ẹ yà ṣáájú hàn fírífírí lábẹ́ rẹ̀, bí ọmọ iléekéwú ṣe ń tẹ̀ lé ojú ìlà tí àfáà ti kọ sórí wàláà.

Bọ́ọ̀lù tó ń ta ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni. A rò pé ó rọrùn. A ya tiwa ní àlàfo ọgbọọgba láti òkè dé ilẹ̀. Kò jọ bọ́ọ̀lù rárá. Bíi korobá tí wọ́n fi okùn sọ̀ sínú kànga ló rí. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan ló rí àṣìṣe wa. Ó mú ọsàn kan, ó jù ú sókè, ó ní ká wò ó dáadáa: lókè ó ń falẹ̀, bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ló ń yára. Àwòrán òkè gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Bó bá kanlẹ̀, kó tẹ́ díẹ̀ kó tó ta padà. A tún un yà, bọ́ọ̀lù sì ta.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, iná lọ, iṣẹ́ wákàtí méjì sì bá a lọ, torí a kò fi í pamọ́. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn àwòrán márùn-ún márùn-ún, ọmọ kan á pariwo pé, “Ẹ fi pamọ́ o!”

Àwọn kan ń kọminú nípa yíya ohun ẹlẹ́mìí. A gbọ́. Tóótó lẹ́tà ni àwọn ọmọ wá sọ di bọ́ọ̀lù: ẹyọ kan já bọ́ láti òkè, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sábẹ́, ó di báù, méjì bà sórí, ó di táù. Àwọn kéékèèké tó ń ṣi méjèèjì pè tẹ́lẹ̀ kì í ṣì wọ́n mọ́.

Blender ló kàn. Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀, torí ó kan ẹni tó ń náwó. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ní Netherlands kógbá sílé ní 2002. Ton Roosendaal tó dá a sílẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn dá €100,000 jọ, kó lè di ti gbogbo ayé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje, owó pé. Láti oṣù kẹwàá ọdún náà ló ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Òun ni Gints Zilbalodis, ará Latvia, fi ṣe fíìmù Flow tó gba ẹ̀bùn Oscar ní 2025. Àwọn tó dáwó kò mọ ẹni tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọmọ òrukàn wa yóò jẹ nínú rẹ̀, in shā’ Allāh.

Ìdáhùn wa fún àgbà wa nìyí: ọmọ tó ya àwòrán 120, tó ṣì í, tó sì tún un yà láìbínú, ti kọ́ sùúrù. Bó bá máa di oúnjẹ lọ́la, Ọlọ́hun ló mọ̀.

Owó zakat kọ́ la fi ṣe é. Oúnjẹ àti owó iléèwé ni ìyẹn ń bá lọ. Sàárà la ń tọrọ: kọ̀ǹpútà àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára. Méjì péré la ní, ọmọ mọ́kànlá ló ń pín in lò.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Āmīn.