Pọ́íǹtì Orí Káàdì: Èsì fún Ìyá Wa ní Kaduna

Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, wọ́n ti mú iná lọ.

Ìyá wa kan ní Kaduna ló bi mí léèrè lánàá. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ní òun máa fi pọ́íǹtì orí káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, pé òun ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe 419 nìyẹn? Rárá mà, kì í ṣe 419. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ọdún 9 ni mo lò ní Amẹ́ríkà kí n tó padà sí Abuja, ojú mi sì rí i.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Téèyàn bá fi kírẹ́díìtì káàdì rajà, báńkì ló ń bá a sanwó ná. Oní-ṣọ́ọ̀bù máa ń san nǹkan díẹ̀ fún báńkì lórí ọjà náà, ara ohun tí báńkì rí yẹn ló fi ń fúnni ní pọ́íǹtì. Ó sábà máa ń jẹ́ pọ́íǹtì 1 lórí dọ́là 1, ó lè di 2 tàbí 3 tó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí ìrìn àjò. Èyí tó wá pọ̀ jù ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì. Wọ́n á ní, ná dọ́là 4,000 láàárín oṣù 3, kó o gba pọ́íǹtì 60,000. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú.

Mi ò ní ìnáwó dọ́là 4,000 nígbà yẹn. Mo ra tẹlifíṣàn tí mi ò nílò, mo ra àga. Pọ́íǹtì wọlé, inú mi dùn bíi tẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bíìlì dé, mi ò rí i san tán. Oṣù 18 ni mo fi ń san án díẹ̀díẹ̀, èlé rẹ̀ sì lé ní 20 nínú 100 lọ́dún. Èlé nìkan jẹ mí ní nǹkan bíi dọ́là 700. Tí mo bá sì ní kí báńkì sọ pọ́íǹtì 60,000 yẹn dowó, sẹ́ǹtì 1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́là 600 ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Mo bínú, mo fẹ́ fi pọ́íǹtì yẹn rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n gbàgbé ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n má dán an wò, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dín in kù jù, kì í sábà tó sẹ́ǹtì 1 pàápàá. Mo fi í sílẹ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá mi ò gbádùn. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ sí Abuja lọ́sẹ̀ yẹn jẹ́ dọ́là 1,800. Mi ò ní in. Pọ́íǹtì mi ti di 80,000 nígbà yẹn. Mo wá ìjókòó lórí ìkànnì ọkọ̀ òfuurufú kan, mo rí i, mo wá gbé pọ́íǹtì mi lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo fi dọ́là 200 lé e fún owó ìjọba àti ti pápákọ̀ òfuurufú. Dọ́là 1,600 tó kù, ẹ fi 80,000 pín in: sẹ́ǹtì 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá. Mo bá bàbá mi láàyè. Ọjọ́ 11 la jọ lò.

Torí náà mà, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó ń san bíìlì rẹ̀ tán lóṣooṣù? Tí kò bá ń san án tán, ẹ ní kó jọ̀ọ́, kó san gbèsè ná, ẹ máa wá tó bá yá. Tó bá ń san án, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Àmọ́ kó rí ìjókòó kó tó gbé pọ́íǹtì kúrò ní báńkì o, torí tó bá ti gbé e, kò ní padà mọ́. Kó wo owó àfikún náà pẹ̀lú, àwọn ọkọ̀ òfuurufú kan wà tí tiwọn ga débi pé ó sàn kéèyàn kúkú fowó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kó má sì tọ́jú ẹ̀ pẹ́ jù. Wọ́n lè sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 80,000 lónìí di 100,000 lọ́la, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí i gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, kì í ṣe èyí tí ẹ ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀n-ẹ́n, iná ti dé. Ẹ jẹ́ n lọ pa jẹnẹrétọ̀ yìí.